Ẹ̀bi Ẹja Kọ́: Ẹ Ṣọ́ Eku Inú Àká

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó máa wá sí wa lọ́kàn nígbàkúùgbà tí àrùn tuntun bá bẹ́ sílẹ̀ láyé, tí oníkálukú sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, nígbà tí ìròyìn àrùn Kòrónà kàn wá láti ilẹ̀ China, ohun tí rédíò àti ìwé ìròyìn kọ́kọ́ wí ni pé inú ọjà ẹja ni àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọjà ẹja kẹ̀! Ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò ní ronú kan ẹja inú ìkòkò ọbẹ̀ tirẹ̀? Ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Èmùré àti káàkiri gúúsù Èkìtì, ẹja ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń jẹ iyán. Ẹran màlúù ti di ti olówó. Bí ẹja náà bá wá di ọ̀tá, kí ni mẹ̀kúnnù yóò fi sínú ọbẹ̀?

Ìbéèrè yìí tó bèèrè, ó sì ní ìdáhùn. Ìdáhùn náà wà nínú ìtàn, nítorí àrùn tó ń ti ara ẹranko bọ́ sára ènìyàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ bá mi ká lọ, kí á wò ó bóyá ẹja ni ọ̀daràn, àbí ẹlòmíràn ló ń fi ara pamọ́ sẹ́yìn ẹja.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ẹja gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Èkìtì kì í ṣe ilẹ̀ etí òkun. Òkè ni tiwa, àní ẹni tó bá wọ Ìkẹ́rẹ́, òkè Olósùnta àti òkè Ọ̀rọ́lẹ̀ ni yóò kí i káàbọ̀. Ẹja tí àwọn baba wa mọ̀ ni ẹja odò, irú èyí tó wà nínú odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ àti àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí omi bá fà, àwọn obìnrin àti ọmọdé a máa fi igbá gbọ́n omi inú kòtò odò títí ẹja àrọ̀ yóò fi máa jà nínú ẹrẹ̀. Èyí tí wọ́n bá jẹ kù, orí ààrò ni wọ́n ń yan án sí.

Ẹja òkun àti edé ní tiwọn, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìlàjẹ àti àwọn ará etí omi mìíràn ni wọ́n ti ń wá. Kò sí bí ẹja tútù ṣe lè rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́ kó má rà, nítorí náà gbígbẹ ni wọ́n ń gbẹ ẹ́ kó tó gun òkè wá. Panla gbígbẹ tún dé láti ilẹ̀ Norway, èyí tó le bí igi tó jẹ́ pé ayùn ni wọ́n fi ń gé e. Kó tó di òmìnira ọdún 1960 ni ó ti wà lọ́jà wa, nígbà ogun abẹ́lé ọdún 1967 sí 1970 ni wọ́n sì kó o wá fún àwọn tí ebi ń pa ní ìhà ìlà-oòrùn.

Lẹ́yìn ogun ni owó epo rọ̀bì dé. Iná mànàmáná ń wọ ìlú, fìríìjì ń wọ ilé, àwọn oníṣòwò sì ń kọ́ kọ́òdù-rúùmù. Ẹja yìnyín wá gbòde kan: Titus, kòtè, ṣàwà, panla tútù. Ẹja tí wọ́n pa ní òkun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ wá di ohun tí ìyá eléwé-ọbẹ̀ ń fi àdá gé fún wa ní ojú ọjà. Ọ̀nà mẹ́ta ni ẹja fi dé orí iyán wa nìyẹn: ọ̀nà odò, ọ̀nà èéfín, àti ọ̀nà yìnyín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀nà èéfín pamọ́ sí ìgun ọkàn yín, a ń padà bọ̀ lórí rẹ̀.

Ní báyìí, kí á lọ sí Wuhan. Huanan ni wọ́n ń pe ọjà tí ariwo rẹ̀ kàn yìí, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020 ni ìjọba ibẹ̀ sì tì í pa. Lóòótọ́ ni wọ́n ń pè é ní ọjà ẹja, ṣùgbọ́n ẹja nìkan kọ́ ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Àwọn ẹranko ìgbẹ́ abirun wà níbẹ̀ láàyè nínú àgò, wọ́n tò wọ́n lé ara wọn lórí. Àríyànjiyàn lórí bí Kòrónà ṣe bẹ̀rẹ̀ kò tíì parí. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ tó ní ọjà náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ìhà tí wọ́n ti ń ta ẹranko abirun ni wọ́n na ìka sí, kì í ṣe ọpọ́n ẹja. Orúkọ ọjà ló kó bá ẹja.

Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Beijing. Wọ́n rí àmì kòkòrò Kòrónà lára pátákó tí wọ́n fi ń gé ẹja salmon ní ọjà Xinfadi. Kíá, àwọn ilé ìtajà ńlá ti palẹ̀ ẹja salmon mọ́ kúrò lórí àtẹ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, wọ́n ní kòkòrò náà kò lè gbé inú ara ẹja. Ó lè bà sí ara ẹja tàbí ara pátákó bí eruku ṣe ń bà sí orí àga, ṣùgbọ́n kò lè mú ẹja ṣàìsàn, kò sì lè pọ̀ sí i nínú rẹ̀.

Kí ló fà á? Kòkòrò àìfojúrí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní fáírọ́ọ̀sì dà bí kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá rí àgádágodo tó bá a mu, kò lè ṣí ilẹ̀kùn. Ara ẹja tútù, ó sì yàtọ̀ sí tiwa gidigidi, ṣùgbọ́n ara eku, ara àdán, ara ọ̀bọ, gbogbo wọn gbóná bíi tiwa, ẹ̀jẹ̀ wọn sì sún mọ́ tiwa. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ irú àwọn ẹranko bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń ṣí lọ sí ara ènìyàn ti ń wá.

Ẹnì kan lè wí pé, "Ṣé ohun inú omi kò tíì kó fáírọ́ọ̀sì ran ènìyàn rí ni?" Ó ti ṣẹlẹ̀, kí á má purọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988, ní ìlú Shanghai, àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní Hepatitis A mú èèyàn tó súnmọ́ 300,000 láàárín oṣù díẹ̀. Ojú wọn pọ́n bí ẹni tí ibà pọ́njú mú, ilé ìwòsàn kún, àyè tán. Ohun tí wọ́n jẹ ni oríṣi ìgbín òkun kan tí ìkarahun rẹ̀ jẹ́ méjì tó pa dé bí àpótí. Wọn kì í sè é jinná níbẹ̀, wọ́n kàn ń rì í bọ omi gbígbóná ni, kí wọ́n tó gbé e mì.

Ẹ wo bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìgbín òkun yìí kì í rìn kiri wá oúnjẹ. Omi ni ó ń fà sínú, tó ń sẹ́ bí ẹni tó ń sẹ́ ògì, tó sì ń mú ohun tó bá wà nínú omi náà dúró. Omi etí òkun ibi tí wọ́n ti kó o ti gba ìgbẹ́ ènìyàn. Hepatitis A kì í ṣe àrùn ìgbín, àrùn ènìyàn ni. Ènìyàn ló yàgbẹ́ sínú omi, ìgbín mu ún, ènìyàn sì tún jẹ ìgbín. Ohun tí a fi ránṣẹ́ ni ó padà wá bá wa. Bí wọ́n bá ti sè é kó hó dáadáa ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá má rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò tíì pẹ́. Àwọn onímọ̀ ní China ń wádìí kòkòrò kan tó ń pa edé inú adágún. Wọ́n fura pé ó lè fa irú àìsàn ojú kan fún àwọn tó ń fi ọwọ́ lásán tún edé àti ẹja ṣe tàbí tó ń jẹ wọ́n ní tútù. Bó bá wá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà tí wọ́n ń sọ náà ni ọwọ́ tó ní egbò àti oúnjẹ tí kò rí iná. Àwa tí à ń se ẹja wa jinná nínú ata, tí ó ń hó kùtùkùtù, a kò sí ní ojú ọ̀nà yẹn.

Nígbà náà, ibo ni ewu tiwa wà? Ẹ jẹ́ kí á padà wálé.

Ní oṣù kìíní ọdún 1969, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Lassa, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Borno lónìí, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Laura Wine, ṣàìsàn ní ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́nnárì. Ọ̀fun ń dùn ún, ibà ń gbé e, oògùn kò ràn án. Wọ́n fi bàálù kékeré gbé e lọ sí Jos, ọjọ́ kejì ni ó kú. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀, Charlotte Shaw, nu ẹnu rẹ̀ fún un. Ojú ọgbẹ́ kékeré kan wà ní ìka Shaw. Òun náà ṣàìsàn, ó sì kú ní oṣù tó tẹ̀lé e. Ẹ̀kẹta wọn, Penny Pinneo, tó tọ́jú Shaw, ni wọ́n gbé lọ sí New York, Ọlọ́run sì yọ ọ́.

Ẹ̀jẹ̀ wọn dé Yunifásítì Yale, níbi tí Jordi Casals àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí fáírọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Orúkọ ìlú kékeré náà ni wọ́n fi sọ ọ́. Casals fúnra rẹ̀ kó o, ẹ̀jẹ̀ Pinneo tó ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà ni wọ́n fi gbà á là. Juan Roman, òṣìṣẹ́ kan ní ibẹ̀, kò rí ẹni gbà á là. Ní ọdún 1970, ó tún bẹ́ ní Jos. Dókítà Jeanette Troup fi ọ̀bẹ gé ara rẹ̀ níbi tó ti ń yẹ òkú aláìsàn wò, òun náà sì bá a lọ. Ó mà ṣe o.

Nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí àrùn náà ń gbé. Sierra Leone ni wọ́n ti mú olè náà ní ọdún 1972. Eku ni! Eku tí ọmú rẹ̀ pọ̀ jọjọ, tó ń bímọ bí ẹni ń da àgbàdo sílẹ̀, tó ń gbé inú oko nígbà òjò, tó sì ń wọ ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oúnjẹ bá ti wọ àká. Fáírọ́ọ̀sì náà kì í pa eku. Inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń bá jáde, ibikíbi tí eku bá sì tọ̀ sí, ó ti fi ewu sílẹ̀ níbẹ̀.

Borno jìnnà sí Èkìtì, àbí? Ṣùgbọ́n Ọ̀wọ̀ kò jìnnà sí Èmùré. Títí di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, inú Ìpínlẹ̀ Oǹdó kan náà ni gbogbo wa wà. Àwọn oníṣòwò wa ń ná ọjà ara wọn, ọmọ wa ń fẹ́ ọmọ wọn. Ọ̀wọ̀ yìí sì ti di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù ní gbogbo Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀, pẹ̀lú ti Irrua ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, ni wọ́n ti ń tọ́jú ọ̀pọ̀ aláìsàn. Ní ọdún 2018, àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní in ní Nàìjíríà ju 600 lọ, Èkìtì sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti rí i. Ní ọdún 2020, nígbà tí gbogbo ayé ń wo Kòrónà, wọ́n ju 1,000 lọ. Eku kò mọ ààlà ìpínlẹ̀.

Ibí yìí ni kí ẹ ti wá rántí ọ̀nà èéfín tí mo ní kí ẹ fi pamọ́. Ẹja gbígbẹ wà nínú apẹ̀rẹ̀, edé wà nínú àpò, gaàrí wà nínú ọpọ́n, èlùbọ́ wà nínú igbá, gbogbo wọn sì ṣí sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ta ni ẹ rò pé ó máa ń jókòó ti tábìlì yẹn? Eku a jẹ ìrù ẹja, a tọ̀ sórí edé, a yàgbẹ́ sínú gaàrí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìyá ilé a gbọn ìgbẹ́ eku dànù, a ní, "Èyí kò ṣe nǹkan kan." Ọbẹ̀ tó hó yóò pa fáírọ́ọ̀sì náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gaàrí tí à ń fi omi tútù mu ńkọ́? Ẹja gbígbẹ tí ọmọ ilé ìwé bù jẹ mọ́ gaàrí láìfi kan iná ńkọ́? Ọwọ́ tó gbọn ìgbẹ́ eku, tó tún nu ojú ọmọ ńkọ́? Gaàrí tí wọ́n sá sí etí títì ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, tí eku àti ewúrẹ́ ń kọjá lórí rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ ṣe akiyesi pé ẹja gbígbẹ yìí kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó ti kú, ó ti yan, ó ti gbẹ. Aládùúgbò búburú ni a fi sílé pẹ̀lú rẹ̀. Bí ìgbín òkun Shanghai ṣe gba ẹ̀gbin láti inú omi, bẹ́ẹ̀ ni ẹja inú apẹ̀rẹ̀ wa ṣe ń gba ẹ̀gbin láti ara eku.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Ṣebí eku fúnra rẹ̀ ẹran ni." Ní ilẹ̀ wa, lóòótọ́, àwọn kan ń jẹ ẹ̀yà eku lóríṣiríṣi. Òkété ti wà lójú ọjà wa tipẹ́. Ẹni tó ń pa eku, tó ń bó o, tó ń yọ ìfun rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó ń fi ọwọ́ kàn ní tútù. Ibẹ̀ ni ewu wà ju orí àwo lọ. Igbó ọba Ìsẹ̀ náà wà nítòsí, níbi tí ìnàkí díẹ̀ ṣì kù sí di òní. Ẹran bẹ́ẹ̀, tó sún mọ́ ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, yàtọ̀ sí pé òfin kò gbà kí á pa á, àrùn rẹ̀ lè di tiwa kíákíá.

Ẹ rántí ọdún 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje, Patrick Sawyer gbé Ebola wọ Èkó láti Liberia. Dókítà Ameyo Adadevoh kò jẹ́ kó jáde nílé ìwòsàn, ó sì fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Èèyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 kú, kó tó di pé àjọ ìlera àgbáyé kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé a ti bọ́. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sá fún ẹran ìgbẹ́, wọ́n sì yíjú sí ẹja. Kì í ṣe ẹran ìgbẹ́ ló gbé Ebola wọ Nàìjíríà, ènìyàn tó wọ bàálù ni. Síbẹ̀, ẹni tó fi ẹja rọ́pò ẹran ìgbẹ́ kò ṣìnà. Ní ti fáírọ́ọ̀sì, ẹja dára jù ú lọ.

Ẹja ní àléébù tirẹ̀ ṣá o, kí á má gbè é jù. Ẹja Titus tí iná lọ mọ́ nínú kọ́òdù-rúùmù, tó yọ́, tó gbóná, tí wọ́n tún dì padà, májèlé kan máa ń wà nínú rẹ̀ tí sísè kò lè pa. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ yóò pọ́n, orí yóò fọ́ ọ, ara yóò máa yún un. Fáírọ́ọ̀sì kọ́ nìyẹn, ìdíbàjẹ́ ni. Àwọn kan tún ń da oògùn apakòkòrò sí ẹja gbígbẹ kí ìdin má baà jẹ ẹ́, àwọn mìíràn ń da Gamalin tí wọ́n fi ń wọ́n kòkó sínú odò láti fi pa ẹja. Àwọn méjèèjì yìí, ènìyàn ló ń ṣe é, ẹja kọ́. Ẹja tó ń rùn, tí ojú rẹ̀ ti jìn, tí ẹran rẹ̀ ń tú, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Kí ni ṣíṣe, nígbà náà? Kò nílò owó púpọ̀. Ẹ ra ike oníderí tàbí agolo tó dé pinpin, kí ẹ kó ẹja gbígbẹ, edé, gaàrí àti èlùbọ́ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ eku lórí oúnjẹ, ẹ da oúnjẹ náà nù, kí ẹ má wo iye tí ẹ rà á. Ẹ má gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ, ẹ fi omi oníkẹ́míkà ìfọ̀nù rin ín kí ẹ tó nù ún. Ẹ sá gaàrí sórí ohun tó ga nílẹ̀, kí ẹ má sá a sétí títì. Ẹ yan ẹja gbígbẹ lórí iná padà kí ẹ tó jẹ ẹ́ lásán. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá tún ẹja tàbí ẹran ṣe, pàápàá bí ọgbẹ́ bá wà lọ́wọ́ yín. Bí ibà bá sì mú èèyàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí oògùn ibà kò ràn án fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá, kí ẹ sì sọ fún dókítà bí eku bá wà nínú ilé. Oògùn wà fún ibà Lassa, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa bí wọ́n bá tètè lò ó.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Láti Lassa ní ọdún 1969 dé Shanghai ní ọdún 1988, títí dé ọjà Wuhan, ohun kan náà ni ìtàn ń sọ fún wa: ibi tí ènìyàn bá ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀gbin, ibẹ̀ ni àrùn ń gbà wọlé. Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Èmùré àti gbogbo gúúsù Èkìtì, ẹ máa fi ẹja yín jẹ iyán lọ, kó dùn mọ́ yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ wo apẹ̀rẹ̀ ẹja tó wà lẹ́bàá ògiri, kí ẹ sì dé e.